Owó gíráǹtì ti tán, Bàbá ò sì fẹ́ gbé ẹgbẹ́ sílẹ̀: ṣé ká lọ gba kọ́nsọ́táǹtì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹgbẹ́ onílù àti oníjó ni wá, a máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlù àti ijó ìbílẹ̀ lẹ́yìn iléèwé. Bàbá tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ijó láti kékeré, èmi ni mò ń darí ọ́fíìsì báyìí. A rí gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́, ọdún méjì gbà láti òkè òkun, ó ti parí, a sì ti jẹ òṣìṣẹ́ márùn-ún lówó oṣù mẹ́ta. Àwọn trustee, ìyẹn àwọn tí òfin mọ̀ sí alábòójútó ẹgbẹ́, kì í wá sípàdé. Kọ́nsọ́táǹtì kan wá ní ká san mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ náírà kí òun bá wa kọ strategic plan, ìyẹn ìwé ètò ọjọ́ iwájú ẹgbẹ́, pé ìyẹn ni àwọn dónọ̀ tó ń fúnni lówó ń wò. Gbogbo owó tó kù nínú àkáǹtì wa ò ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Bàbá ló ń fọwọ́ sí gbogbo nǹkan, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí pé ẹlòmíì máa darí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Mo ka lẹ́tà yín, mo sì tún un kà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kéèyàn jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta kó ṣì máa jí lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ kí wọ́n máa wo ojú ẹ, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń kánjú níbẹ̀: ẹ má tíì sanwó ìwé yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ pé kọ́nsọ́táǹtì burú o, iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ eléré, ilé iṣẹ́ ọnà, àtàwọn tó ń ṣètò ọdún ìbílẹ̀ jókòó lórí bí wọ́n ṣe máa tọ́ ilé wọn. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ rò pé ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ọ̀kan lórí owó, ọ̀kan lórí Bàbá, lójú tèmi ìbéèrè kan ṣoṣo ni: ta ló ni ẹgbẹ́ yìí, ta ló sì láṣẹ láti sọ pé a máa ṣe tibí a ò ní ṣe tọ̀hún? Níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti lè dáhùn ìyẹn, kò síwèé tó lè mówó wá, bó sì mú un wá pàápàá, owó ọ̀hún á tún lọ bí èyí tẹ́ ẹ gbà tẹ́lẹ̀ ṣe lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ ìwé ètò yìí palẹ̀ ná, torí ó ti kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sí gbèsè. Òótọ́ ni pé àwọn dónọ̀ ńlá máa ń béèrè fún un, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò parọ́. Àmọ́ kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀? Wọ́n fẹ́ rí i pé àwọn tó wà nídìí ẹgbẹ́ ti jókòó, wọ́n ti bá ara wọn jiyàn, wọ́n sì ti fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa ṣe àtohun tí wọ́n máa jáwọ́ nínú ẹ̀. Ìwé yẹn kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ìjókòó ọ̀hún wáyé ni. Tẹ́ ẹ bá wá ra ẹ̀rí láìjókòó, ẹni tó ti ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tipẹ́ á mọ̀ kó tó dé ojú ìwé kẹta. Mo ti rí ìwé ètò ẹgbẹ́ oníjó kan tó jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ tó ń gbẹ́ kànga ṣì wà nínú ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò yọ ọ́ tán, owó gidi sì ni wọ́n san lé e lórí. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé dónọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í dúró lórí ìwé, ó máa pè yín ni, á ní ìgbà wo làwọn trustee yín pàdé kẹ́yìn, ta ló ń fọwọ́ sí ìwé owó, ṣé ọ́dítọ̀ ti wo ìwé yín lọ́dún tó kọjá, tí Bàbá bá ṣàárẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ta ló máa ṣe kòkáárí. Pẹ̀lú bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ yín yìí, kí lẹ máa sọ? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ tún sọ ọ́ bíi pé gíráǹtì tó parí ló fa wàhálà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ìgbà tí gíráǹtì yẹn ń wọlé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Owó prójẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fún yín, ohun tó sì wà nínú owó prójẹ́ẹ̀tì ni pé iṣẹ́ kan pàtó ló wà fún, kì í ṣe ti ilé, iná, tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ gba òṣìṣẹ́ márùn-ún sórí owó tẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tó máa tán látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì gíráǹtì yẹn wò, ẹ máa rí owó wọ́kṣọ́ọ̀bù, owó hòtẹ́ẹ̀lì àlejò, owó bánà, owó ẹni tó ya fọ́tò, owó ríìpọ́ọ̀tì. Ẹ wá bá mi wá iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títún ìlù ṣe nínú ẹ̀. Nínú irú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo máa ń rí, kì í sí ńbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ìlù tọ́mọdé ń lù lójoojúmọ́, awọ á ya, ọsán, ìyẹn okùn awọ tí wọ́n fi ń fa ìlù, á já, ṣaworo ara ìyáàlù á máa bọ́ níkọ̀ọ̀kan tí àwọn ọmọ á sì máa fi ṣeré, ẹni tó máa bá yín fi awọ ewúrẹ́ tuntun bò ó ò ní gba ríìpọ́ọ̀tì lọ́wọ́ yín, owó ló máa gbà. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ á fi gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, tí ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ gan-an á sì máa bàjẹ́ lọ lójú gbogbo èèyàn.

Àsìkò náà tún dá kún un. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi ₦460 ní báńkì ti kọjá ₦1,500 kọ́dún 2024 tó parí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba dọ́là rí náírà rẹpẹtẹ lójijì, wọ́n fi owó oṣù kún owó oṣù, wọ́n gba ilé tó tóbi, kò pẹ́ sígbà yẹn ni owó epo, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ wá bá a lókè lọ́hùn-ún. Nígbà tó wá di 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dáwọ́ ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró lóṣù kìíní, nígbà tó sì máa fi di oṣù keje USAID, àjọ tó ń pín ìrànwọ́ ọ̀hún, ti kógbá sílé. Kì í ṣe pé USAID ló ń fún àwọn onílù lówó, rárá, àmọ́ àwọn NGO ètò ìlera àti ètò ẹ̀kọ́ tówó wọn dá dúró ti wá ń kan ilẹ̀kùn kan náà tẹ́yin ń kàn, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ní ọ́dítọ̀, wọ́n sì mọ èdè tí dónọ̀ ń gbọ́. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ìwé ètò kan ló kù kí owó tún máa dà wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ bi í léèrè pé ọ̀dọ̀ ta.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ eré tó lórúkọ jù nílẹ̀ Yorùbá. Olóògbé Hubert Ògúndé bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1945, wọ́n jáde láyé ní 1990. Kọ́lá Ògúnmọ́lá lọ ní 1973. Dúró Ládiípọ̀ tó wà nídìí Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní Òṣogbo ní 1962, kú ní 1978. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọn ò mọṣẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń fi bọ́ òṣèré, wọ́n ń fi ra epo sọ́kọ̀. Síbẹ̀ lẹ́yìn tí olórí lọ, kò sí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn tó dúró bó ṣe wà. Ìdí ẹ̀ ò ju pé ilé olórí àti ẹgbẹ́ ti di ọ̀kan náà: nínú ẹgbẹ́ Ògúndé, àwọn ìyàwó wọn wà lára àwọn òṣèré tó jẹ́ òpó ẹgbẹ́, orúkọ olórí ló wà lára ọkọ̀, ọwọ́ olórí lowó wà, orí olórí sì ni gbogbo eré wà. Nígbà ayé wọn, ìyẹn gan-an lagbára ẹgbẹ́, torí ẹni kan ló ń pàṣẹ, kò sí ìpàdé tó ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Ẹ má wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Bàbá yín ò mọ nǹkan kan nípa ìdarí. Ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń tọ̀, ọ̀nà ọ̀hún ló sì gbé ẹgbẹ́ dé ibi tó dé.

Ẹ wá fi wé CCA Lagos, ilé iṣẹ́ ọnà tí olóògbé Bisi Silva dá sílẹ̀ ní 2007. Àìsàn jẹjẹrẹ pa wọ́n ní oṣù kejì 2019, ọjọ́ orí wọn ò tíì pọ̀, orúkọ wọn ló sì ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn wá síbẹ̀. Ilé yẹn ṣì wà. Mo gbà pé ohun tó gbé e dúró ni pé Bisi Silva ti kó ìmọ̀ wọn jáde kúrò lórí ara wọn kí ikú tó dé: ilé ìkàwé wà tí ẹnikẹ́ni lè wọlé kàwé nínú ẹ̀, wọ́n ń tẹ ìwé, wọ́n sì ti ń ṣe ilé ẹ̀kọ́ Àsìkò láti 2010 tó ń lọ láti ìlú kan sí òmíì nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn èwe tó gba ibẹ̀ kọjá mọ bí wọ́n ṣe ń ronú. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn bá nǹkan nílẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ bá Bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti dàgbà. Ìlù wo ni wọ́n mọ̀ tí ò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ní ẹgbẹ́? Oríkì ta ni wọ́n lè fi ìyáàlù pè tí àwọn ọmọ ò tíì gbọ́ rí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀, fóònù lásán tó. Tí àgbà bá rí i pé ohun tó wà lórí òun lẹ ń wá, tí kì í ṣe àga tó jókòó lé, ọkàn ẹ̀ máa ń rọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó kù.

Kí ẹ tó lọ bá wọn, ẹ mọ ohun tí òfin sọ, torí ẹ̀yin àti Bàbá lè má mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ìforúkọsílẹ̀ trustee lẹ ṣe ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tó pọ̀ jù nínú NGO Nàìjíríà ṣe ń ṣe, òfin CAMA ti 2020, òfin tó wà fún ilé iṣẹ́ àti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ló ń darí yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùdásílẹ̀ ò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n ti fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, dúkìá ẹgbẹ́ ti kúrò ní tiwọn. Owó tó bá wọlé, iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ nìkan ló wà fún, ẹ ò lè pín in bí èrè láàárín ọmọ ẹgbẹ́, kódà bí ẹgbẹ́ bá túká. Òfin yẹn tún sọ pé ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ wà nípò tó ń gbowó oṣù nínú ẹgbẹ́ yẹn. Tí Bàbá bá jẹ́ trustee, tí wọ́n tún ń gbowó oṣù gẹ́gẹ́ bí olùdarí, ẹ tètè lọ bá lọ́yà kẹ́ ẹ tún un ṣe, torí òfin yẹn fàyè gbà á kí wọ́n dá àwọn trustee dúró tí wọ́n bá rí màgòmágó. Ẹ tún wò ó bóyá ẹ ti ń fi ìwé ọdọọdún yín ránṣẹ́ sí CAC, àti bóyá ẹ ní sáàtífíkéètì SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀rú mọ́, èyí tó wà lábẹ́ EFCC, torí báńkì máa ń béèrè fún un lọ́wọ́ NGO. Nǹkan wọ̀nyí ò gbówó lórí tó ìwé ètò, dónọ̀ sì máa ń béèrè wọn kó tó béèrè ìyẹn.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ ò kọ sínú lẹ́tà yín tó jẹ́ òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ibo lẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé àgbàlá Bàbá ni. Ìlù ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan jẹ́ ìlù tí wọ́n jogún, àwọn kan tí wọ́n fi owó ara wọn rà, àwọn kan tẹ́ ẹ fi owó gíráǹtì rà, gbogbo ẹ̀ wá so mọ́ ara ògiri kan náà láìsí àmì kankan lára wọn. Ọjọ́ tí Bàbá bá jáde láyé, kí Ọlọ́run jẹ́ ó pẹ́, àwọn ọmọ wọn máa dé láti Èkó àti láti ìlú òyìnbó, ilé bàbá wọn ni wọ́n máa bá, ìlù bàbá wọn ni wọ́n máa rí, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rò bẹ́ẹ̀ torí kò sí ìwé tó sọ nǹkan míì. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó bá àwọn ọmọ olóògbé fa ọ̀rọ̀ báyìí títí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi tú ká, kò sì sẹ́ni burúkú kan nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Nítorí náà, ẹ jókòó pẹ̀lú Bàbá, ẹ mú ìlù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ìyáàlù yìí, ọdún tó dé, ta ló ṣe é, ta ló ni ín. Èyí tó jẹ́ ti Bàbá, ẹ kọ ọ́ pé ti Bàbá ni, ẹ má lọ gbà á. Ní ti àgbàlá, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé ẹgbẹ́ máa lò ó fún iye ọdún báyìí-báyìí, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìwé ojú ewé méjì yìí wúlò fún yín ju ìwé ètò ọlọ́gọ́ta ojú ewé lọ.

Ẹ má dá lọ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ iṣẹ́ fún wọn, tẹ́ ẹ bá dá lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, àfojúdi ló máa jẹ́ létí wọn bó ti wù kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ tó. Ẹ wá ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, ojúgbà wọn, olóyè, tàbí pásítọ̀ tàbí àáfà wọn, kó jẹ́ òun ló máa sọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ti ronú lórí ohun tó ń já wọn láyà: kí ni wọ́n máa máa jẹ, ta ló máa máa kí wọn, ṣé orúkọ wọn ò ní parẹ́. Ẹni tó fi ogójì ọdún bọ́ ẹgbẹ́ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan, ẹ ní kó lọ jókòó sílé, ṣé ilé ló máa jẹ? Ẹ fi sínú ìwé pé ẹgbẹ́ máa fún wọn ní iye kan lóṣooṣù fún kíkọ́ àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì ti kúrò nípò trustee kí ọwọ́ òfin má bàa tẹ̀ yín, kí wọ́n wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Kó jẹ́ iye tẹ́ ẹ lè san láìbẹ dónọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣèlérí tówó ò sì sí, gbogbo nǹkan tún máa padà síbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ pé ta ló ni ín yìí ò mọ lórí ẹgbẹ́ kékeré o. Ẹ wo ilé musíọ́mù MOWAA ní ìlú Bìní, owó ńlá wọlé láti òkè òkun, ilé rèǹtè-rente, àwọn tó mọṣẹ́ ló wà ńbẹ̀. Lóṣù kọkànlá 2025 tí wọ́n pe àlejò wá wò ó kí wọ́n tó ṣí i, àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn ya wọ ibẹ̀, wọ́n sì ní láti sún ìṣílé síwájú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé ti ta ni, ti ààfin Ọba Bìní ni àbí ti ẹlòmíì, pàápàá tí ìjọba àpapọ̀ ti sọ ní 2023 pé Ọba ló ni àwọn ohun ọnà Bìní tí wọ́n ń dá padà. Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ ẹnì kankan nínú ẹ̀. Mo kàn mẹ́nu bà á kẹ́ ẹ lè rí i pé owó àti ìwé ètò tó dáa kì í dí ihò tó bá wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ ṣe bíi MUSON, ẹgbẹ́ olórin tó wà ní Oníkan, Èkó, tí wọ́n ń fi gbọ̀ngàn wọn háyà fún ìgbéyàwó àti ìpàdé, tí MTN Foundation sì ń ran ilé ẹ̀kọ́ orin wọn lọ́wọ́. Ó dáa, àmọ́ ẹni tó ní gbọ̀ngàn ní àárín Èkó ló ń ṣèyẹn, ẹ̀yin ò ní. Èyí tó sún mọ́ yín jù wà ní Ìjẹ̀bú, ní Ojúde Ọba. Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ ńlá bíi Glo ti ń fi owó ti ọdún yẹn lẹ́yìn tipẹ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń gbé e gan-an: àwọn regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu. Owó ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń rán aṣọ, tí wọ́n ń dá owó ẹgbẹ́, bí Glo bá kúrò lọ́la, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ṣì máa jáde lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ta ni regbéregbé yín? Mo rò pé àwọn òbí àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ti kọ́ ni, àtàwọn ọmọ ọ̀hún tí wọ́n ti dàgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ báyìí. Èèyàn wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń fún NGO lówó, wọ́n kì í sábà ṣe é, àmọ́ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń náwó fún èèyàn tí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù tí akápò bá ń ka ìwé owó sí wọn létí. Ẹ ṣe ayẹyẹ kan fún Bàbá lọ́dún, kí àwọn ọmọ lùlù, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn èèyàn ní gbangba pé owó awọ àti ọsán ni wọ́n ń dá, kẹ́ ẹ sì fi ìlù tẹ́ ẹ fi owó èṣí tún ṣe hàn wọ́n.

Iléèwé aládàáni ní Abẹ́òkúta náà tún pọ̀, gbogbo wọn ló ń ṣe ọjọ́ àṣà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní olùkọ́ ìlù. Ẹ lè kọ́ wọn kí wọ́n máa san owó fún sáà kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn oníṣẹ́ ọnà pé àwọn ọmọ olówó ló máa wá jàǹfààní jù, òótọ́ sì wà nínú ẹ̀, ẹ fi sínú àdéhùn yín pé iye báyìí nínú owó yẹn máa gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ tí ò lè san. Òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú tún wà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí bó tiẹ̀ korò: tí owó òde bá ń wọ àpò Bàbá ní tààrà, tó sì jẹ́ ìlù ẹgbẹ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kó lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ẹ̀. Ìdá kan fún àwọn tó lù, ìdá kan fún Bàbá, ìdá kan fún àpò ẹgbẹ́, kí ó wà nínú ìwé, kí gbogbo èèyàn máa rí i. Ìjà tó máa wá láti ibẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí ò lè tó owó tí gíráǹtì ń mú wá, mi ò ní parọ́ fún yín, kò ní gbé òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ó lè gbé méjì. Ẹgbẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n ń gbowó déédéé sàn ju èyí tó ní márùn-ún tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣì máa wá gíráǹtì o, kẹ́ ẹ kàn máa fi ṣe ohun tó lè parí lọ́jọ́ tí owó bá parí.

Nígbà wo lẹ wá máa gba kọ́nsọ́táǹtì? Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ka ìlù, tẹ́ ẹ ti rí trustee méjì sí mẹ́ta tó ń wá sípàdé, tí Bàbá sì ti gbà láti jókòó. Ní ìgbà yẹn, ẹni tó máa darí ìjókòó ọjọ́ méjì láàárín yín lẹ nílò, ẹni tó máa lè sọ fún Bàbá àti fún ẹ̀yin náà ohun tí ọmọ inú ilé ò lè sọ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá fọwọ́ ara yín kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé lórí, ojú ewé mẹ́fà tó. Ẹ bi í léèrè ẹgbẹ́ tó ti bá ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ pe ẹgbẹ́ ọ̀hún, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń lo ohun tó ṣe fún wọn. Ẹni tó bá sì ní kẹ́ ẹ má sanwó nísinsìnyí, pé òun máa gba ìdá mẹ́wàá nínú gíráǹtì tó bá wọlé, ẹ má gbà, àwọn tó mọ iṣẹ́ ìkówójọ níyì kì í gba irú ẹ̀, ọ̀pọ̀ dónọ̀ ò sì ní gbà kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó wọn.

Ibi tí ìmọ̀ mi mọ náà wà. Mi ò tíì rí ìwé owó yín, mi ò gbọ́ tẹnu Bàbá, mi ò sì kì í ṣe lọ́yà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ jálẹ̀, kí àwọn àgbà bá wọn sọ ọ́ títí kí wọ́n má gbọ́. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tó kù ni kẹ́ ẹ pinnu bóyá ẹ máa dúró bí ọmọ iṣẹ́ títí ọjọ́ wọn, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ lè máà kọjá wọn, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀wọ̀ kúrò, kẹ́ ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ tiyín láìmú ìlù kan tàbí ọmọ kan dání lẹ́yìn wọn. Mo mọ àwọn tó ṣe èkíní, mo mọ àwọn tó ṣe èkejì, mi ò rí èyí tó rọrùn nínú méjèèjì, ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ èyí tí ọkàn yín gbé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ò lè dúró de gbogbo èyí. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ka àdéhùn gíráǹtì yẹn láti mọ̀ bóyá ó sọ pé owó tó bá kù gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ dónọ̀, tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kíákíá kẹ́ ẹ bẹ̀ wọ́n láti fi san owó oṣù, àwọn kan máa ń gbà tẹ́ ẹ bá sọ òótọ́ kí wọ́n tó bi yín. Tó bá jẹ́ tiyín pátápátá, ẹ pe àwọn márààrún jọ, ẹ sọ iye tó wà ní àkáǹtì fún wọn láìfi kọ́bọ̀ kan pamọ́, ẹ san oṣù kan ó kéré tán, kẹ́ ẹ kọ oṣù tó kù sílẹ̀ bíi gbèsè kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i fún oníkálukú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wáṣẹ́ síbòmíì, ẹ bá a kọ lẹ́tà tó máa ràn án lọ́wọ́, kẹ́ ẹ má bínú sí i.